Ibi Tí Òòfà Ti Já Bọ́

"Ẹ rọra o! Ẹ má fa apá mi yọ!"

Ohùn Kareemat ni gbogbo àdúgbò Ijoku ní Ṣàgámù gbọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nílẹ̀, èkejì ṣì wà nínú ọkọ̀, oyún oṣù méje sì há sí àárín. Ṣẹ̀rífù ọkọ rẹ̀ di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, Rasheedat àbúrò ọkọ rẹ̀ di òsì mú. Wọ́n ka ení, èjì, ẹ̀ta, wọ́n fà á, kò jáde. Ilẹ̀kùn méjì péré ni ọkọ̀ náà ní, ó sún mọ́ ilẹ̀ jù, ẹni tó bá sì jókòó sínú rẹ̀ dà bí ẹni tó jókòó sínú ọpọ́n ìwẹ̀.

"Adúmáradán, ẹ kú iṣẹ́ o," Kareemat wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, bí ọmọ ọkọ ọ̀hún kò tilẹ̀ ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. "Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé bí ọmọ yìí bá ti ń bọ̀, inú ọkọ̀ yìí náà ni màá bí i sí, torí mi ò ní lè jáde."

Àwọn ará àdúgbò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹ̀ẹ̀kẹrin tí wọ́n fà á ló tó yọ. Ṣẹ̀rífù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró, ó ń wo ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ó tó gẹ́ẹ́. Mo máa tà á."

Háà! Ẹni tó bá mọ Ṣẹ̀rífù ló máa mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó. Péńtà ọkọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò sì jìnnà sí oríta ńlá tí ọ̀nà Ìbàdàn àti ọ̀nà Bíní ti pínyà. Àlòkù ni ọkọ̀ eré yìí nígbà tó rà á, iwájú rẹ̀ lápá ọ̀tún sì ti rún wómúwómú. Ọdún méjì ló fi tún un ṣe. Ó na irin ibẹ̀, ó fi páàtì dí ibi tí irin kò ti dọ́gba mọ́, ó yí àwọ̀ rẹ̀ padà láti dúdú sí àwọ̀ ọsàn tó pọ́n dáadáa, ó de ohun kan tó dà bí ìyẹ́ ẹyẹ mọ́ ọn nídìí. Ó tún wá pààrọ̀ sàlẹ́ńsà rẹ̀. Bí Ṣẹ̀rífù bá ń bọ̀ láti Òde Rẹ́mọ, ìyá àgbà wọn á ti gbọ́ ọ láti Ijoku, á sì ti máa bu oúnjẹ sílẹ̀ dè é.

"Ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin ni mo máa fi owó rẹ̀ rà," ó sọ fún Rasheedat. "Ó gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ kí ọmọ tó dé. Ìwọ lo mọ fóònù lò, bá mi gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn o: mo kùn ún, mo tún un ṣe, ó sì ti gbá nǹkan rí kí n tó rà á. Bó bá tà, mo máa ra fóònù tuntun fún ọ."

Fóònù tuntun! Ojú fóònù Rasheedat ti sán láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gé e lọ́wọ́. Ó ya fọ́tò ọkọ̀ náà níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wí, ó sì fi í sójú ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ọkọ̀ lórí Fesibúùkù.

Àwọn oníbàárà dé, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà wọ́n bí ẹni tí ejò ti bù jẹ rí. "Ṣé kì í ṣe yàhúù lẹ ń ṣe?" "Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìròyìn tòní ká rí i." "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi kùn ún? Kí lẹ ń bò mọ́lẹ̀?" Ìbéèrè kan sì wà tí gbogbo wọn ń bi í: "Ṣé ó ti gbá rí?" Bí Rasheedat bá ti fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni, kò tún ní gbúròó wọn mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ikùn Kareemat ń yọ síwájú, ọkọ̀ náà kò kúrò lójú kan.

"Ìwọ náà!" ni Fàtíà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, wí nígbà tó gbọ́. "Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì? Kọ ọ́ pé kò gbá rí. Ṣebí ẹ̀gbọ́n ẹ ti tún un ṣe dáadáa, ta ló máa mọ̀? Àwọn àgbà ti sọ ọ́: òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké."

Rasheedat rò ó. Ó ro ti ìyàwó wọn àti ọmọ inú rẹ̀, ó ro ti fóònù tuntun. Ká má purọ́, fóònù ló kọ́kọ́ rò. Ó pa ìlà kan rẹ́, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀: "Kò gbá rí láéláé. Ọ̀dà tó bá a wá láti òkè òkun ló ṣì wà lára rẹ̀." Kò sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, èèyàn mọ́kànlá ti béèrè ibi tí wọ́n ti lè wá wò ó.

Ní ọjọ́ Sátidé, obìnrin kan dé láti Ìkẹ́nnẹ́. Arábìnrin Adéyọ̀sọ́lá lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ físíìsì ni, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ṣẹ̀rífù rò pé ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ rà á fún.

"Ọmọ wo?" ni obìnrin náà wí. "Èmi ni mo fẹ́ wà á! Láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti ń sọ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá wa ọkọ̀ tó ń bú ramúramù. Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí wọ́n tún lù mí ní jìbìtì. Fìríìjì tí mo rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́dún tó kọjá, aṣọ ni mò ń kó sínú rẹ̀ báyìí."

Ó ti ọwọ́ bọ báàgì, ó yọ òòfà kan tó fi háńkáṣíìfù wé. Ó gbé e lé ilẹ̀kùn, ó lẹ̀ pàkà. Ó gbé e lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó lẹ̀ pàkà. Rasheedat rọra sún sẹ́yìn. Olùkọ́ gbé e lé òkè táyà iwájú lápá ọ̀tún. Òòfà náà yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó já bọ́ sílẹ̀. Ó ṣà á, ó tún gbé e síbẹ̀. Ó tún já bọ́.

"Irin ni òòfà ń lẹ̀ mọ́," ó wí bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì. "Kì í lẹ̀ mọ́ páàtì. Ibí yìí ti gbá rí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," Ṣẹ̀rífù dáhùn láìwẹ̀yìn. "Ó gbá kí n tó rà á. Èmi fúnra mi ni mo tún un ṣe, a sì kọ ọ́ síbẹ̀."

"Ibo lẹ kọ ọ́ sí?"

Ó na fóònù rẹ̀ sí i. Ṣẹ̀rífù kà á. Ó tún un kà. Ó gbójú sókè, ó wo àbúrò rẹ̀, Rasheedat sì ń wo ilẹ̀ bíi pé kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

"Èmi ni mo ni ọkọ̀, mà," Ṣẹ̀rífù wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀bi mi ni. Ẹ má bínú."

Olùkọ́ náà wé òòfà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ló kọ ọ́ sójú ẹgbẹ́: "Ẹ ṣọ́ra fún péńtà kan ní Ṣàgámù. Ọ̀dà ló ń kùn, irọ́ ló fi ń pò ó." Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Àlàájì Sàláwù tó gbé ọkọ̀ wá fún kíkùn wá gbé e, ọ̀dà ẹ̀gbẹ́ kan kò tíì gbẹ, Ṣẹ̀rífù kò sì tíì kun èkejì. "Ọmọ mi, mi ò pè ọ́ ní òpùrọ́ o," ó wí, "ṣùgbọ́n jẹ́ kí n máa gbé e lọ ná."

Ṣẹ̀rífù kò na Rasheedat, kò pariwo mọ́ ọn, èyí gan-an ló sì dun ọmọbìnrin náà jù. Ohun kan péré ló sọ: "Rasheedat, ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó mọ orúkọ mi. Bí ọ̀dà bá bó, mo lè tún un kùn. Orúkọ ńkọ́?" Rasheedat bú sẹ́kún. Ẹ̀bà tí Kareemat gbé síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò lè jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó ń ran ìyá àgbà wọn lọ́wọ́ láti ṣa obì ní fàráńdà. Ìyá Àgbà Sàrátù ti ń ta gbànja fún àwọn oníbàárà láti òkè ọya ó ti tó àádọ́ta ọdún. Èyí tí kòkòrò ti lu, wọn á ṣà á sọ́tọ̀. Rasheedat kó àwọn tó bà jẹ́, ó fẹ́ rọra tì wọ́n sábẹ́ ewé nísàlẹ̀ agbọ̀n. Ìyá àgbà gbá a lọ́wọ́.

"Níbo lò ń kó wọn lọ?"

"Ìsàlẹ̀ ni, Ìyá."

"Òkè ni tèmi ń wà."

Ó kó wọn sínú àwo, ó gbé àwo náà lé orí agbọ̀n, gbangba. Kò pẹ́ tí Màlámù tó máa ń ra obì lọ́wọ́ rẹ̀ fi dé láti Sábó. Ó wo àwo, ó rẹ́rìn-ín, ó kí Ìyá, ó sì ní kí àwọn aláàárù máa gbé agbọ̀n. Kò tilẹ̀ fọwọ́ kan inú rẹ̀.

"Ìyá, kò tú u wò?" Rasheedat béèrè.

"Kí ló fẹ́ tú? Ẹni tó bá rí kòkòrò tí o fi hàn án kò ní máa wá èyí tí o fi pamọ́." Ìyá àgbà fi etí aṣọ nu ọwọ́. "Mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ o. Bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tìẹ kò tiẹ̀ lo ogún ọjọ́, ọmọ mi! Dìde, lọ gbé ti ẹ̀gbọ́n rẹ wá sókè agbọ̀n."

Rasheedat dìde. Ó tú ẹ̀rọ agbóhùnjáde rédíò àtijọ́ kan tó ti kú, ó yọ òòfà inú rẹ̀, ó sì lọ kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Mo purọ́ láìsọ fún yín. Mi ò fẹ́ sọ òótọ́ láìsọ fún yín."

Ṣẹ̀rífù ní kó dìde. Ó fa etí rẹ̀ díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Gbé fóònù rẹ wá. Èmi ni màá dì í mú."

Fídíò tí wọ́n ṣe, tí wọ́n sì gbé sójú ẹgbẹ́, kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. "Èmi ni Rasheedat," ni ọmọbìnrin náà wí. "Èmi ni mo kọ ọ́ pé ọkọ̀ yìí kò gbá rí. Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sọ òótọ́, èmi ni mi ò sọ ọ́. Ẹ wo ibi tó ti gbá." Ó gbé òòfà síbẹ̀, ó já bọ́. "Ẹ tún wò ó." Ó tún já bọ́. "Gíláàsì ilẹ̀kùn òsì máa ń há. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ pọ̀. Aboyún kò sì lè jáde nínú rẹ̀. Ìyàwó wa rèé, ẹ bi í."

Kareemat juwọ́ láti ẹ̀yìn. "Òótọ́ ni o! Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n fà mí!"

Àwọn kan bú u, àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ilé ẹ̀kọ́, "Òòfà" ni wọ́n ń pè é fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, Fàtíà pàápàá ò gbẹ́yìn. Ó dùn ún, ó gbà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń béèrè ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá, lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tó bi í pé kí ni wọ́n ń bò mọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Arábìnrin Adéyọ̀sọ́lá yọ lẹ́nu ọ̀nà. Rasheedat kúnlẹ̀, ó kí i, ó sì sún sẹ́yìn kó lè ráyè yẹ ọkọ̀ wò. Obìnrin náà kò ṣí báàgì.

"Mà, òòfà yín dà?"

"Mo fi í sílé," olùkọ́ náà dáhùn. "Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ṣebí o ti bá mi yẹ̀ ẹ́ wò."

Wọ́n dúnàádúrà, wọ́n sì gbà. Owó náà kò tó iye tí Ṣẹ̀rífù fọkàn sí, ó kàn tó ra ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá. Fóònù tuntun ti bá a lọ nìyẹn. Olùkọ́ náà pa ọ̀rọ̀ tó kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́, ó sì kọ òmíràn tó dára. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Àlàájì Sàláwù gbé ọkọ̀ rẹ̀ padà wá kí wọ́n kun ẹ̀gbẹ́ tó kù. Títí dòní, bí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń pẹ́ lẹ́yìn bá gbọ́ ariwo ọkọ̀ náà lókèèrè ní Ìkẹ́nnẹ́, eré ni wọ́n ń sá wọ kíláàsì.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin dé, Kareemat wọlé, ó jáde, ó tún wọlé, ó tún jáde, kò sẹ́ni tó fà á. Fàtíà wá wò ó. Ó ń wo fóònù sísán tó ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní, "Òòfà, ṣé o ti rí i báyìí? Ọ̀sẹ̀ mélòó ni òótọ́ ẹ lò lọ́jà!"

Rasheedat rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ lè pẹ́ lọ́jà, Fàtíà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rà á kì í dá a padà."