Ìkànnì Tí Dámisí Tì Pa

Fìlà bàbá àgbà àti àjà pálọ̀ wọn nìkan ló hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ohùn wọn ń dún ketekete láti Ìkàrẹ́, ṣùgbọ́n ojú wọn kò sí níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí fóònù yín sísàlẹ̀ díẹ̀," Dámisí wí. "Fìlà yín ni mò ń rí."

"Fìlà náà kò burú," bàbá àgbà dáhùn. "Orí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló mọ ìṣirò. Níbo la bá iṣẹ́ dé lánàá?"

Dámisí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára aago ògiri. Ní àkókò yẹn gan-an, ẹgbẹ́ oníjó ilé ìwé wọn ti ń pé jọ sí àgbàlá ilé kan ní Uwasota, níbi tí kò jìnnà sí ilé wọn rárá. Òun ni wọ́n yàn láti ṣíwájú ijó tí wọ́n fẹ́ jó níbi ayẹyẹ ìparí táàmù. Báwo ni aṣíwájú ijó ṣe máa jókòó sílé, tí á máa wá iye tí x jẹ́?

Olùkọ́ ìṣirò ni bàbá àgbà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Dámisí, ọmọ ọmọ wọn tó wà ní Benin, gbòdo nínú áljẹ́brà, wọn ò bínú. Wọ́n pe ọmọ aládùúgbò wọn, wọ́n ní kó fi ìkànnì tí èèyàn ti lè rí ara wọn hàn wọ́n, èyí tó ní pátákó ìkọ̀wé nínú. Láti ọjọ́ náà, bí ìrọ̀lẹ́ bá ti lẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, bàbá àgbà á wẹ̀, wọ́n á wọ aṣọ tó mọ́, wọ́n á jókòó síwájú fóònù wọn bí ẹni tó ń lọ sí kíláàsì gidi. Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ni. Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń kọ́kọ́ sá sí Dámisí lẹ́nu, bàbá àgbà á sì ní àwọn kò gbọ́, títí á fi tún un sọ.

Dámisí fẹ́ràn bàbá àgbà. Ijó náà ló ń dà á láàmú. Kò sì mọ bí òun ṣe máa sọ fún àgbàlagbà tó wẹ̀ tó sì múra nítorí òun pé òun fẹ́ lọ jó.

Èyímofẹ́ ló sọ ọ̀rọ̀ náà fún. Kíláàsì kan náà ni àwọn méjèèjì wà, ilé tó kángun sí tiwọn ni Èyímofẹ́ sì ń gbé. Ọmọbìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́ ni, pàápàá tí kọ̀ǹpútà bá wà nítòsí.

"Ìyẹn nìkan?" Èyímofẹ́ wí. "E no hard. A máa jẹ́ kí ìkànnì yẹn má ṣí mọ́ lórí kọ̀ǹpútà yín. Gbogbo ayé á rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

"Kò ní ba nǹkan jẹ́?"

"Kí ló máa bà jẹ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe ti ìkànnì géèmù pa mọ́ àwọn àbúrò wa."

Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn méjèèjì jókòó ti kọ̀ǹpútà náà. Fáìlì kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ hosts. Èyímofẹ́ ṣàlàyé rẹ̀: kí kọ̀ǹpútà tó jáde lọ béèrè ibi tí ìkànnì kan wà, inú fáìlì yìí ló ti máa ń kọ́kọ́ wò. Bí èèyàn bá kọ orúkọ ìkànnì náà síbẹ̀, tó sì fi àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ síwájú orúkọ ọ̀hún, kò ní jáde mọ́. Inú ara rẹ̀ ni á ti máa wá a, kò sì ní rí i láéláé.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ní wọn kò lè fọwọ́ kan fáìlì náà àfi tí ọ̀gá rẹ̀ bá gbà, Dádì Dámisí sì ni ọ̀gá rẹ̀. Dámisí lọ pè wọ́n.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tẹ páàsíwọ́ọ̀dù yín. Ìwé atúmọ̀ èdè la fẹ́ fi sórí kọ̀ǹpútà, fún iṣẹ́ ilé ìwé."

Dádì wà lórí fóònù pẹ̀lú ẹnì kan ní ọ́fíìsì wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n tẹ páàsíwọ́ọ̀dù náà, wọ́n fọwọ́ pa Dámisí lórí, wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Wọn kò wo ojú kọ̀ǹpútà. Ìgbà yẹn ni àyà Dámisí kọ́kọ́ já, ṣùgbọ́n Èyímofẹ́ ti kọ ìlà kan, ó ti fi í pamọ́, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, ìkànnì bàbá àgbà kò ṣí. Kọ̀ǹpútà ní òun kò rí i. Dámisí pe bàbá àgbà lórí fóònù Mọ́mì, ó sọ fún wọn pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa, ó sì sáré lọ síbi ijó. Ó jó débi pé àwọn tó ń kọjá lọ lójú títì dúró wò ó.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, Dádì bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì jà. Wọ́n gbé mọ́dẹ́ẹ̀mù sórí fèrèsé. Wọ́n so ó mọ́ irin kọ́tìnì. Wọ́n yọ síìmù, wọ́n fi ti ilé iṣẹ́ mìíràn sí i. Ìkànnì ìròyìn ń ṣí, ìkànnì bọ́ọ̀lù ń ṣí, ti bàbá àgbà nìkan ló kọ̀. Kò sì wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn láti dán an wò lórí fóònù.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo lèyí tó ń yan èyí tó wù ú?" Dádì wí. Mọ́mì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Dámisí náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tirẹ̀ kò dénú.

Bàbá àgbà ní tiwọn kò mọ̀ pé láti Benin ni. Wọ́n rò pé ọ̀dọ̀ àwọn ni nǹkan ti bà jẹ́. Wọ́n gbé àga wọn kúrò ní pálọ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n tún gbé e láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Nígbà tó yá, ẹnì kan sọ fún wọn pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń dáa lórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Ní ọjọ́ Jímọ̀, àwòrán kan wọlé sórí fóònù Mọ́mì. Bàbá àgbà ló jókòó sórí àpáta, nínú oòrùn, pẹ̀lú aṣọ tó mọ́ nigín-nigín, tí wọ́n gbé fóònù dání. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀: "Ẹ sọ fún Dámisí pé mo ti ń sún mọ́ ọn."

Mọ́mì fi àwòrán náà han Dámisí. Kò lè jẹun tán lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú pálọ̀, ó gbìyànjú láti tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ó wá fáìlì náà rí. Ó pa ìlà tí Èyímofẹ́ kọ rẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ fi í pamọ́, kọ̀ǹpútà ní kò ní àṣẹ. Ó tún gbìyànjú, kọ̀ǹpútà tún kọ̀. Ó pa á mọ́ síbòmíràn, èyí gba, ṣùgbọ́n fáìlì tuntun lásán ló dá sílẹ̀, ti àtijọ́ ṣì wà bó ṣe wà, ìkànnì náà kò sì ṣí. Ó ráńṣẹ́ pe Èyímofẹ́.

"Páàsíwọ́ọ̀dù Dádì rẹ la nílò," Èyímofẹ́ wí. Ó ń wo ilẹ̀. "Pa irọ́ mìíràn fún wọn."

"Mi ò fẹ́ purọ́ mọ́," Dámisí wí.

Ó ṣì ń ronú bí á ṣe sọ ọ́ nígbà tí Dádì yọrí sí pálọ̀, tí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ń dún lọ́wọ́ wọn. "Dámisí, wọ bàtà rẹ ká lọ. Bàbá wà ní Aduwawa."

"Bàbá wo?"

"Bàbá mi. Wọ́n ti wọ mọ́tò láti àárọ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí ni."

Ní gáréèjì Aduwawa, láàárín àwọn mọ́tò tó ń bọ̀ láti Auchi, bàbá àgbà dúró pẹ̀lú báàgì kan àti nǹkan fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí wọ́n fi aṣọ wé. Dámisí kúnlẹ̀ kí wọn. Nígbà tí Dádì gbé nǹkan náà sínú mọ́tò, aṣọ ṣí lára rẹ̀: pátákó ìkọ̀wé dúdú ni, pẹ̀lú páálí ṣọ́ọ̀kì.

"Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá lè gbé mi dé, mọ́tò á gbé mi dé," bàbá àgbà wí. "Ìdánwò kò ní dúró dè wá."

Dádì rẹ́rìn-ín. Dámisí ń wo ìta láti ojú fèrèsé títí wọ́n fi délé.

Lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán, bàbá àgbà ní kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà náà wá. Wọ́n ní kí Dádì fún fóònù tiwọn ní íńtánẹ́ẹ̀tì láti ara mọ́dẹ́ẹ̀mù ilé, wọ́n sì ṣí ìkànnì náà lórí rẹ̀. Ó ṣí. Wọ́n ní kí Dámisí ṣí i lórí kọ̀ǹpútà. Kò ṣí.

"Ó dáa," bàbá àgbà wí, bí ẹni tó dúró níwájú kíláàsì. "Ilé kan náà, mọ́dẹ́ẹ̀mù kan náà, ìkànnì kan náà. Kí ló yàtọ̀? Kọ̀ǹpútà. A jẹ́ pé kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Inú kọ̀ǹpútà yìí ni àrùn náà wà."

"Ó ti yé mi," Dádì wí. "Màá gbé e lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n á pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Mọ́mì gbé ojú sókè. "Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀? Àwọn àwòrán màmá ńkọ́?"

Àwòrán màmá àgbà ni wọ́n ń sọ, èyí tí wọ́n yà kí màmá tó kú. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n wà. Dámisí gbọ́ ohùn ara rẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ti ń sọ̀rọ̀.

"Dádì, ẹ má gbé e lọ. Èmi ni mo ti ìkànnì náà pa. Kì í ṣe ìwé atúmọ̀ èdè ni mo ní kí ẹ tẹ páàsíwọ́ọ̀dù fún."

Ó sọ gbogbo rẹ̀: ijó, fáìlì, irọ́. Ó fẹ́ dárúkọ Èyímofẹ́, ó rántí pé ẹnu òun ni irọ́ ti jáde, ó sì gbé orúkọ náà mì. Ojú Dádì le bí òkúta. Wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀, bàbá àgbà gbé ọwọ́ sókè.

"Ká kọ́kọ́ tún un ṣe ná. Ṣí fáìlì náà, kí n rí i."

Dámisí ṣí i. Bàbá àgbà fi awò wọn sójú, wọ́n wo àdírẹ́sì tó wà níwájú orúkọ ìkànnì náà pẹ́: 127.0.0.1.

"Nọ́ńbà wo ló máa ń ní pọ́ìntì mẹ́ta?" wọ́n béèrè. "Ta ló kọ́ yín ní irú ìṣirò yìí?"

Mọ́mì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Dádì gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe.

Dádì wá jókòó, wọ́n tẹ páàsíwọ́ọ̀dù wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ka gbogbo ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Dámisí pa ìlà náà rẹ́, ó fi fáìlì pamọ́, kọ̀ǹpútà sì gbà. Ó pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kó gbàgbé àwọn àdírẹ́sì tó ti há sórí, ó pa gbogbo rẹ̀ dé, ó sì tún un ṣí. Ojú bàbá àgbà yọ gbàǹgbà lójú kọ̀ǹpútà, nítorí fóònù wọn ṣì wà lórí ìkànnì náà. Bí wọ́n ṣe sọ̀rọ̀, ohùn wọn jáde láti inú kọ̀ǹpútà, ó padà sínú fóònù, ó sì di ariwo híhan gooro tó mú kí gbogbo wọn di etí.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, bàbá àgbà yíjú sí Dámisí. "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi pé o ní ijó?"

"Mo rò pé ẹ máa bínú, Bàbá."

"Bóyá ni n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n mo lè bínú lórí àga mi. Àpáta yẹn gbóná, ọmọ mi."

Dámisí dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, kò tiẹ̀ rántí pé kíkúnlẹ̀ ni tirẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ má bínú, Dádì."

Bàbá àgbà dárí jì í lójú ẹsẹ̀. Dádì náà dárí jì í, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò ní dé ibi ijó títí á fi kọ́ gbogbo ohun tó fò. Ẹgbẹ́ oníjó kò lè dúró dè é, wọ́n fi ẹlòmíràn síwájú. Ó dùn ún. Nígbà tí Èyímofẹ́ gbọ́ pé Dámisí kò dárúkọ òun, ó wá fúnra rẹ̀, ó sọ ipa tirẹ̀, ó sì bẹ̀bẹ̀. Bàbá àgbà fún un ní ṣọ́ọ̀kì, wọ́n ní kó wá iye tí x jẹ́. Kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n fà á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Dámisí, ọmọ kíláàsì sì di méjì.

Kí bàbá àgbà tó padà sí Ìkàrẹ́, wọ́n sún àkókò ẹ̀kọ́ síwájú kó lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà ijó. Ó gbà wọ́n ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú láti fẹnu kò lé e lórí. Dámisí yege nínú ìṣirò, kì í ṣe pẹ̀lú máàkì tó ga jù, ṣùgbọ́n ó yege. Ó jó níbi ayẹyẹ náà, ní ìlà ẹ̀yìn, tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ó ti wá yé e nísinsìnyí pé ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré ni ohun tó ń bà á lẹ́rù láti sọ. Irọ́ tó fi bò ó ló ran arúgbó lọ sínú oòrùn, tó mú Dádì bá mọ́dẹ́ẹ̀mù jà, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwòrán màmá àgbà rẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, bí nǹkan bá ń ni yín lára, ẹ sọ ọ́ fún àwọn tó fẹ́ràn yín, torí wọ́n lè bá yín wá ọ̀nà sí i. Bí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ tètè sọ òótọ́, nígbà tí títún un ṣe kò tíì ju kí a pa ìlà kan rẹ́ lọ.