Yàrá tí Tún-un-wọ̀n Kó Ìwọ̀n Oníbàárà Sí

Aṣọ tí wọ́n máa fi rán kóòtù Dírẹ́bà dé ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Aṣọ dúdú ni, ó wúwo díẹ̀, kì í sì í tètè rún. Télọ̀ nà án sórí tábìlì, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a, ó fi ìka ra á wò, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Tún-un-wọ̀n ni gbogbo àdúgbò ń pe télọ̀ yìí, nítorí kò sí aṣọ tó máa gé tí kò ní wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá wọ̀n ọ́ tán, tó o ti ń wọ bàtà, á ní, "Jọ̀ọ́ padà wá, jẹ́ n tún un wọ̀n." Onígẹ̀rí, tó ń gẹ irun ní ṣọ́ọ̀bù tó fara kan tiẹ̀, máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí Tún-un-wọ̀n bá dé ọ̀run, ó máa kọ́kọ́ wọn ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ kó tó wọlé.

Kóòtù Dírẹ́bà kì í ṣe kóòtù lásán. Ọgbọ̀n ọdún ni Dírẹ́bà fi wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan láti kékeré, èjìká òsì rẹ̀ sì ga ju ọ̀tún lọ. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò sí kóòtù tó bá a lára mu rí. Ní ọjọ́ Jimọ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n máa búra fún ọmọbìnrin rẹ̀ pé ó ti di lọ́yà. Dírẹ́bà ní òun fẹ́ jókòó láàárín àwọn òbí yòókù bí èèyàn, kì í ṣe bí àpò tí wọ́n gbé kalẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni Tún-un-wọ̀n ti wọ̀n ọ́n. Bí ara ẹlòmíì bá gba ìwọ̀n mọ́kànlá, ti Dírẹ́bà gba mẹ́tàlélógún. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta sí i ni bàbá náà yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn, tó kán lẹ́sẹ̀. Ọsibítù ló wà báyìí, wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì títí di ọjọ́ tó ṣáájú ìbúra ọmọ rẹ̀. Ta ló fẹ́ wọn ẹ̀yìn ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀?

Tún-un-wọ̀n ò bẹ̀rù. Ṣebí ìwọ̀n ti wà nínú fóònù. Ìkànnì ayélujára kan wà tí àwọn télọ̀ ń lò, Agboolé ni wọ́n ń pè é. Ẹgbẹ́ télọ̀ ní ojúde níbẹ̀, tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn han ara wọn. Wọ́n tún ní Yàrá Ìtàkùrọ̀sọ, tó yẹ kí wọ́n ti máa bára wọn sọ̀rọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń dé ibẹ̀. Wọ́n ní ó ń falẹ̀, wọ́n ní ó ń dà wọ́n láàmú, wọ́n ní kò wúlò. Tún-un-wọ̀n nìkan ló fẹ́ràn rẹ̀, torí pé ibẹ̀ dákẹ́. Odidi ọdún mẹ́fà ló fi ń kọ ìwọ̀n gbogbo oníbàárà rẹ̀ síbẹ̀. Ó ní ìwé a máa sọnù, epo máṣíìnì a sì máa dà sí i, àmọ́ inú fóònù kì í kún, kì í sì í ya.

Ó tẹ Yàrá. Yàrá ò ṣí. Ohun tó rí níbẹ̀ ni pé, "Yàrá Ìtàkùrọ̀sọ ti kógbá sílé. A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

Ó pa fóònù, ó tún un tàn. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń bá pàdé.

"Kí ló dé tí ojú ẹ rí báyìí?" Onígẹ̀rí bi í láti ẹnu ọ̀nà, kọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n ti ti yàrá mi."

"Yàrá wo? Ṣé onílé lé ẹ jáde ni?"

"Yàrá inú fóònù ni mò ń wí. Ìwọ̀n Dírẹ́bà wà níbẹ̀. Ìwọ̀n gbogbo yín ló wà níbẹ̀."

"Wọn ò wá sọ fún ẹ tẹ́lẹ̀?"

Wọ́n kúkú sọ fún Tún-un-wọ̀n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni ìkìlọ̀ pupa kan ti ń yọ lórí fóònù rẹ̀ láràárọ̀, tí òun sì ń fi ìka gbá a dànù. Ìpolówó lásán ló pè é. Ẹni tí kì í gé aṣọ láìwọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, kò ka ìkìlọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan péré.

"Pariwo sójúde," Onígẹ̀rí gbà á nímọ̀ràn. "Ẹni tí ò bá pariwo, ta ló máa gbọ́ tiẹ̀?"

Bẹ́ẹ̀ ni Tún-un-wọ̀n kọ ọ́ sójúde ẹgbẹ́, níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á: "Ẹ̀yin Agboolé, ẹ gbà mí. Iṣẹ́ mi wà nínú Yàrá tẹ́ ẹ tì."

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹnì kan fi fèsì, ìkọ̀kọ̀ ló sì ti fèsì. "Ọ̀gá wa, ẹ kú ìdààmú. Òṣìṣẹ́ Agboolé ni mí. A máa bá yín ṣí Yàrá yín padà kíákíá. Nọ́ńbà mẹ́fà máa wọlé sórí fóònù yín nísinsìnyí. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kó tó di pé kò ṣiṣẹ́ mọ́."

Lóòótọ́, nọ́ńbà mẹ́fà wọlé. Inú Tún-un-wọ̀n dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti tẹ mẹ́rin nígbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin wọlé. Ilé-ìkàwé ló ń bá ṣiṣẹ́, síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí wọ́n ń ká létí ló wá gbà.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi. Síkẹ́ẹ̀tì mi ńkọ́?"

"Dúró ná. Àwọn Agboolé ló ń bá mi sọ̀rọ̀."

Obìnrin náà yọjú wo fóònù. Kò pariwo. Ó kàn fi ọwọ́ bo ojú fóònù náà wẹ́rẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi ránṣẹ́. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ nọ́ńbà yẹn fún mi."

Tún-un-wọ̀n wo ibẹ̀, ó kà á: "Má ṣe fi nọ́ńbà yìí han ẹnikẹ́ni. Òṣìṣẹ́ wa kankan kò ní béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ."

Ó gbójú sókè, ó wo àbúrò rẹ̀, ó tún wo fóònù.

"Nọ́ńbà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ilé yín," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Ẹni tó ń béèrè rẹ̀ fẹ́ fi wọlé bíi pé ẹ̀yin ni. Tó bá ti wọlé, á tì yín síta, á sì máa fi orúkọ yín lu àwọn oníbàárà yín ní jìbìtì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

"Báwo ló ṣe mọ̀ pé mo wà nínú wàhálà?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sójúde."

Tún-un-wọ̀n yíjú sí Onígẹ̀rí. Onígẹ̀rí rántí lójijì pé oníbàárà kan ń dúró de òun, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

"Ó dáa," ni Tún-un-wọ̀n wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ṣé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn? Kí ni mo fẹ́ sọ fún bàbá yẹn?"

"Kò tíì bàjẹ́. Ìkìlọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń gbá dànù yẹn, ẹ jẹ́ ká lọ kà á. Ẹ má tẹ ohun tí ẹni yẹn fi ránṣẹ́. Ẹ fúnra yín ni kẹ́ ẹ ṣí Agboolé, kẹ́ ẹ tẹ àwòrán agogo tó wà lókè."

Wọ́n kà á pọ̀. Nígbà tí Tún-un-wọ̀n dé ìlà kẹta, ìka rẹ̀ tún ń yún un. "Ẹ kà á tán," ni àbúrò rẹ̀ wí. Agboolé kọ ọ́ pé àwọn tó ń lo Yàrá kò pọ̀, àwọn tó ń ráhùn sí i ló pọ̀, ìdí nìyẹn táwọn fi tì í lọ́jọ́ Ajé. Ẹgbẹ́ kò tú ká, ojúde ṣì wà bó ṣe wà. Ẹni tó bá kọ nǹkan sínú Yàrá lè béèrè ẹ̀dà ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí di aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Jimọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ẹ̀dà náà lè pẹ́ tó odidi ọjọ́ kan kó tó dé.

"Ọjọ́ Jimọ, ọ̀la nìyẹn," ni Tún-un-wọ̀n wí.

"Ọ̀la ni. Ẹ béèrè báyìí. Ímeèlì wo ni kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí?"

"Ímeèlì kẹ̀? Ṣé mo ní ímeèlì?"

"Ẹ ní. Èmi àti ẹ̀yin la jọ ṣí i lọ́dún tẹ́ ẹ ra fóònù. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìwọ̀n yín àtijọ́."

Tún-un-wọ̀n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ tábìlì ìgéṣọ sókè, ó fa ìwé kan yọ lábẹ́ rẹ̀. Láti ọdún mẹ́fà tó ti ń sọ pé ìwé a máa sọnù, abẹ́ tábìlì tó ń mì ni ìwé náà ti ń fara da á, kò lọ síbì kankan. Ímeèlì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó mọ́ kedere.

Wọ́n béèrè ẹ̀dà. Wọ́n pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà tó fi ń wọ Agboolé. Wọ́n fi ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ayédèrú náà sun Agboolé. Àbúrò rẹ̀ wá jókòó sórí àpótí, ó ní ó ku ọ̀rọ̀ kan.

"Yàrá yẹn, ta ló lè wọ ibẹ̀?"

"Èmi nìkan ni mò ń wọ̀ ọ́."

"Mi ò béèrè ẹni tó ń wọ̀ ọ́. Ta ló lè wọ̀ ọ́?"

Tún-un-wọ̀n ronú. "Gbogbo ẹgbẹ́. A lé lẹ́gbẹ̀rin."

"Ẹgbẹ̀rin èèyàn ló lè mọ ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, ẹni tí oyún ti hàn lára rẹ̀, àti iye íńṣì ìbàdí aládùúgbò yín. Bí iṣu ẹni bá ta, ọwọ́ la fi ń bò ó jẹ, ẹ̀gbọ́n mi. Mélòó mélòó ni ara oníbàárà."

Ojú ti Tún-un-wọ̀n gan-an. Kò gbèrò ibi, àmọ́ ó mọ̀ pé Dírẹ́bà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ẹ̀yìn rẹ̀, òun Tún-un-wọ̀n nìkan ló gbà láyè. Ó sọ ọ́ jáde pé òun ṣe ohun tí kò dáa.

Lọ́jọ́ kejì, kò fọwọ́ kan aṣọ kankan. Aago mẹ́wàá lù, kò sí nǹkan. Nígbà tó di aago mọ́kànlá, ó gbéra lọ sí ilé-ìkàwé, ó jókòó ti àbúrò rẹ̀, ó gbé fóònù sórí itan. Onígẹ̀rí tẹ̀ lé e, ó ní ẹni tó ti ènìyàn sínú kòtò, ó yẹ kó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yọ ọ́. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì ni fóònù dún. Ẹ̀dà ti dé.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé. Ọdún mẹ́fà wà nínú rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tún-un-wọ̀n fi ìka wá a títí, ó rí Dírẹ́bà, ó sì ka ìwọ̀n rẹ̀. Mẹ́tàlélógún. Ó tún un kà. Mẹ́tàlélógún náà ni. Omi lé ròrò sí i lójú, kò sì nù ún.

Onígẹ̀rí ní tiẹ̀ ti rí orúkọ ara rẹ̀. "'Onígẹ̀rí, ìbàdí rẹ̀ méjìlélógójì. Ó ní méjìdínlógójì ni. Kí n má dá a lóhùn.' Ṣé ẹgbẹ̀rin télọ̀ ló lè ka ọ̀rọ̀ yìí?"

"Má bínú, ọ̀rẹ́ mi."

"Mo ti bínú. Àmọ́ rán ṣòkòtò mi tó ń bọ̀ sí méjìlélógójì. Àwọn tí mò ń wọ̀ ti ń fún mi látọjọ́ yìí."

Tún-un-wọ̀n gé aṣọ dúdú náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé Dírẹ́bà sórí àga onítáyà, Tún-un-wọ̀n sì wọ kóòtù náà sí i lọ́rùn ní wọ́ọ̀dù. Bàbá náà fọwọ́ kan èjìká òsì, ó fọwọ́ kan ọ̀tún. Ọmọbìnrin rẹ̀ gbé dígí dání níwájú rẹ̀.

"Wọ́n dọ́gba," ni Dírẹ́bà wí. Lẹ́yìn náà ló sunkún.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ìkànnì tẹ́ ẹ̀ ń lò lónìí lè ti apá kan pa lọ́la, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí ibi tó burú nínú ìyẹn. Àwọn tó ni ín a máa sọ fúnni ṣáájú. Tí ìkìlọ̀ bá yọ, ẹ kà á tán, pàápàá ọjọ́ tí wọ́n dá. Ẹ tètè gba ẹ̀dà ohun tó jẹ́ tiyín, láti inú ìkànnì náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe látọwọ́ àjèjì tó ní òun wá ṣèrànwọ́. Nọ́ńbà àṣírí kì í ṣe ohun à ń kà fún ẹnikẹ́ni, ì báà pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá àgbà. Ohun tó bá ṣe pàtàkì, ẹ má fi í síbì kan ṣoṣo. Tó bá sì jẹ́ àṣírí ẹlòmíì ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ má kó o síbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti lè rí i, bí ibẹ̀ ti wù kó dákẹ́ tó.

Ìwé ìwọ̀n Tún-un-wọ̀n ti kúrò lábẹ́ tábìlì, inú àpótí oníkọ́kọ́rọ́ ló wà báyìí. Tábìlì tún ti ń mì. Bí ìkìlọ̀ bá yọ lórí fóònù rẹ̀, á gbé àlùmọ́gàjí kalẹ̀, á wọ awò ojú, á kà á dópin. Bó bá parí, á ní kí oníbàárà fara balẹ̀ ná, òun fẹ́ tún un kà.