Irin Tó Ń Yí Nínú Ọkọ̀ Nazildo

Ẹni tó bá ti fọ irun ọmọbìnrin tó gùn dé bèbèrè ìdí rí ló mọ̀ pé iṣẹ́ kékeré kọ́. Ó ti pẹ́ tí Zuleide ti ń ṣe é. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ó jókòó sórí àkàbà pákó tó ti ẹnu ọ̀nà ilé wọn sọ̀ kalẹ̀ sínú odò. Jurema ọmọ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, ó ń fi igbá bu omi dà sí i lórí.

"Màmá, ẹ rọra o, ọṣẹ ti kó sí mi lójú!"

"Fara dà á. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì péré, gbogbo wa á sinmi."

Ohun tó ku ọ̀sẹ̀ méjì ni ọdún Màríà Wúńdíá ní ìlú Belém. Nígbà tí Jurema wà ní oṣù mẹ́ta, ibà fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un lọ. Zuleide kúnlẹ̀, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí ọmọ náà bá yè, àlùmọ́gàjí kò ní kan irun rẹ̀ títí yóò fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ìgbà náà ni wọn yóò gé e, tí wọn yóò sì gbé e síwájú Wúńdíá. Ọmọ náà yè.

Kò sẹ́ni tí kò mọ irun yẹn ní Caripuru, abúlé kékeré kan ní ẹnu odò Amasónì, níbi tí ilé ti ń dúró lórí òpó nínú omi, tó jẹ́ pé ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ gbogbo ará ibẹ̀. Valdomiro, àbúrò bàbá Jurema, kì í yé fi ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní, "Jurema, yá mi ní díẹ̀ níbẹ̀, kí n fi hun àwọ̀n edé."

Bí Zuleide ṣe ń ṣan ọṣẹ kúrò, ó gbọ́ tí òòlù ń dún nínú ọkọ̀ wọn. Nazildo ọkọ rẹ̀ ló ń tú pákó.

"Bàbá Jurema, kí lẹ ń tú níbẹ̀?"

"Ọmọrí irin yìí ni. Ó ń gba ààyè mọ́ mi lọ́wọ́. Bí mo bá yọ ọ́, apẹ̀rẹ̀ èso asaí méjì á tún wọlé."

Irin gbọọrọ kan máa ń wà nínú irú ọkọ̀ wọn. Láti ara ẹ́ńjìnnì ló ti gba ilẹ̀ ọkọ̀ lọ sẹ́yìn, òun ló ń yí abẹ̀bẹ̀ nínú omi. Nígbà òjò, Oscarina, òṣìṣẹ́ ìlera abúlé, mú àwọn ọmọ ogun ojú omi wá. Wọ́n kan ọmọrí pákó lé irin náà nínú gbogbo ọkọ̀, wọn kò sì gba kọ́bọ̀.

Zuleide ní, "Màmá Oscarina kìlọ̀ pé ká má ṣí i o."

"Ṣé Màmá Oscarina ló ń gun ọ̀pẹ asaí fún mi? Ogún ọdún ni mo ti ń wa ọkọ̀. Irin yìí ò gé mi jẹ rí. Bí asaí bá ti tán lórí igi, màá dá a padà."

Zuleide dákẹ́. Èèyàn dáadáa ni Nazildo, òṣìṣẹ́ kára sì ni. Òun náà fẹ́ kí asaí pọ̀ lọ́jà, kí gbogbo wọn lè jọ lọ sí Belém. Ìdákẹ́ yẹn ló ń dùn ún dòní.

Wọ́n jọ wọkọ̀ lọ sí ìlú láti gba aṣọ funfun Jurema lọ́wọ́ aránṣọ. Irun ọmọ náà kò tíì gbẹ. Ìyá rẹ̀ ní kó tú u sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, wọ́n á dì í bí wọ́n bá gúnlẹ̀.

Wọ́n dé àárín odò, ìgbì dìde, omi ń wọ ọkọ̀. Bí ó ti máa ń ṣe, Jurema mú igbá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbọ́n omi lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì. Atẹ́gùn fẹ́ irun rẹ̀ síwájú. Kí Zuleide tó ṣẹ́jú, irun ti wé mọ́ irin. Irin kò mọ ọmọ, kò mọ ẹ̀jẹ́. Ó ká irun náà, ó sì ká awọ orí pẹ̀lú rẹ̀, láti iwájú orí dé ẹ̀yìn ọrùn.

Nazildo pa ẹ́ńjìnnì. Igbe ìyá àti ọmọ ló kù lórí omi. Ó gbá ajẹ̀ mú, ó ń wà á bí ẹni tí orí rẹ̀ ti yí, títí wọ́n fi dé èbúté Valdomiro. Ìyàwó Valdomiro sáré jáde pẹ̀lú agolo kọfí.

"Ẹ jẹ́ ká da kọfí sí i! Á dá ẹ̀jẹ̀ dúró!"

"Má dà á!" Oscarina ló pariwo bẹ́ẹ̀. Ó ti gbọ́ igbe láti òdìkejì, ó ti wa ọkọ̀ tirẹ̀ dé. "Ẹ má fi kọfí sí i, ẹ má fi òróró sí i. Aṣọ mímọ́ ni kẹ́ ẹ fún mi. Zuleide, tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn báyìí, má jọ̀wọ́ ẹ̀. Valdomiro, pe ọkọ̀ ìlera! Ọsibítù là ń lọ."

Ó wo inú ọkọ̀ Nazildo, ó rí irin náà. "Nazildo, ọmọrí dà?"

Nazildo ká ọwọ́ lé orí. Ó jókòó sínú omi pupa tó wà nílẹ̀ ọkọ̀.

Oṣù márùn-ún ni wọ́n lò ní ọsibítù ní Belém. Awọ itan ọmọ náà ni àwọn dókítà ń gé díẹ̀díẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lórí. Ọjọ́ ọdún Wúńdíá bá wọn níbẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ orin àwọn tó ń kọjá ní títì.

Jurema béèrè pé, "Màmá, kí la máa wá mú lọ fún Wúńdíá báyìí?"

Zuleide kọjú sí ògiri, ó sunkún tí kò ní ohùn.

Nígbà tí Oscarina wá kí wọn, Zuleide ní, "Màmá, àmúwá Ọlọ́run ni."

"Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ọmọ mi. Ọlọ́run kọ́ ló tú pákó yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí irin ọkọ̀ bàbá mi ká irun tèmi. Bàbá mi náà ní àmúwá Ọlọ́run ni. Torí bẹ́ẹ̀, kò bò ó. Lọ́dún kejì, ó ká àbúrò mi. Ìyẹn ò yè é." Ó di ọwọ́ Zuleide mú. "Sunkún bó ṣe wù ẹ́. Ṣùgbọ́n tó o bá délé, wí i síta pé ọmọrí tí ẹ tú ló fà á."

Kí wọ́n tó padà, Nazildo ti kan ọmọrí náà padà, ó sì fi ìṣó kún ìṣó. Ó ti rù. Kò kọrin mọ́ nínú ọkọ̀.

Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ará yòókù ní Caripuru kò tètè gbọ́n. Lọ́jọ́ tí Jurema padà sí ilé ìwé, Valdomiro ló ń kó àwọn ọmọ kọjá odò. Ọmọbìnrin mẹ́fà ti wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Àpò kan ló jù lé irin náà.

"Wọlé, ọmọ mi! Àárò ẹ ti sọ wá!"

"Bàbá kékeré, ọmọrí irin yín dà?"

"Mo ti fi àpò bò ó. Òdìkejì yìí náà ni, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún."

Jurema kọjú sí àwọn ọmọ náà. "Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé eré ni.

Jurema gbé ọwọ́ sókè, ó tú ìborí rẹ̀. Zuleide, tó ń wò wọ́n láti orí àkàbà, fẹ́ sáré lọ bo orí ọmọ rẹ̀, ó kó ara rẹ̀ ró. Kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó kéré jù nínú ọkọ̀ gbé ọwọ́ lé irun dídì tirẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Valdomiro pa ẹ́ńjìnnì, kò lè wo ojú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó lọ wá pákó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, ẹ bo irin tó bá ń yí, ẹ má sì tú ọmọrí rẹ̀ nítorí ẹrù. Ẹ di irun àwọn ọmọbìnrin, kí ẹ fi aṣọ wé e dáadáa, kí wọ́n tó wọlé. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ gbọ́n omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Bí aburú bá ṣẹlẹ̀, aṣọ mímọ́ ni kí ẹ fi tẹ ojú egbò, kí ẹ máa sáré lọ sí ọsibítù. Ẹ má sì dúró dìgbà tí ọmọ yín yóò fi orí ara rẹ̀ kọ́ yín.