Obìnrin Tó Ń Dá Tukọ̀

Abẹ́rẹ́ tó kán ló gbé obìnrin atukọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀bù aránbàtà. Láti ìdájí ló ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ rẹ̀ tó fi ìdákọ̀ró so mọ́lẹ̀ létí òkun. Ó gbọ́n omi inú rẹ̀, ó bẹ́ sódò lọ ha ìkarahun tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Ìgbà tó kan rírán aṣọ ìgbòkun tó ya, abẹ́rẹ́ dá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ló bá ká ìgbòkun rù, ó ń wá abẹ́rẹ́ gidi kiri ìlú tí kò ti mọ ẹnì kankan.

"Ta ló bá yín tu ọkọ̀ wá?" ni aránbàtà bi í.

"Èmi nìkan."

"Ẹ̀yin nìkan kẹ̀! Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ó ń bà mí. Ẹ̀yìn ni mo máa ń ní kó jókòó sí."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó ju bàtà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó gba ìgbòkun náà láti bá a rán. Iṣẹ́ ọjọ́ kan di ti ọjọ́ mẹ́fà. Bọ́wọ́ bá dilẹ̀ lọ́sàn-án, wọn a gun òkè ẹ̀yìn ìlú, wọn a rìn láàárín àpáta etíkun títí ẹsẹ̀ á fi ro wọ́n.

Lọ́jọ́ kẹfà, aránbàtà jẹ́wọ́. "Olólùfẹ́ mi, àná ni mo ti rán an tán. Mo tú u ni, kó o má bàa lọ."

Inú obìnrin náà dùn dé góńgó. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n obìnrin tí aránbàtà ní, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà, gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fẹ́ra, ó yára wá sí èbúté.

"Obìnrin tí ò ní àdírẹ́sì! Ta ọkọ̀ yẹn, kó o wá jókòó jẹ́ẹ́."

"Ẹ má bínú, mà. Mo fẹ́ràn àbúrò yín dénú, ṣùgbọ́n mi ò ní tà á. Bí mo bá tà á, ẹlòmíì lẹ máa fà lé e lọ́wọ́, kì í ṣe èmi. Ẹ wá wo ilé mi ná, kẹ́ ẹ tó kọ̀ mí."

"Ojú lọ̀rọ̀ wà," ni ẹ̀gbọ́n wí, ó kó aṣọ rẹ̀ sókè, ó wọ ọkọ̀.

Ó ṣí ìkòkò wò. Ó gbóòórùn ibùsùn. Ó fọwọ́ ra abẹ́ sítóòfù, kò rí ìdọ̀tí kankan. Lójijì ni òyì kọ́ ọ, ó sáré bì sódò. Atukọ̀ di ìbàdí rẹ̀ mú ṣinṣin, ó nu ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń nu ẹnu ìyá rẹ̀.

Nígbà tó padà dé ilẹ̀, ó kọjú sí àbúrò rẹ̀ tó ti ń dúró dè wọ́n ní èbúté. "Ilé rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Ó kàn ń fì bí ọ̀mùtí ni! Bó o bá lè gbà á bẹ́ẹ̀, fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ máa wá wò mí lọ́dọọdún o."

Wọ́n ṣègbéyàwó ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó fa ìdákọ̀ró sókè. Ìgbì gbé ọkọ̀, ojú ọkọ rẹ̀ yí padà, ó rọ̀ mọ́ òpó ìgbòkun.

"Olówó orí mi, ṣé ká yà padà?"

"Padà síbo? Sọ okùn tí màá fà fún mi."