Bàtà Tí Kò Ní Okùn

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí lára ọkùnrin náà ni pé bàtà rẹ̀ kò ní okùn. Aránṣọ ni mí. Kí n tó wo ojú èèyàn, mo ti wo aṣọ rẹ̀ dé ẹsẹ̀. Bàtà rẹ̀ dán, ṣùgbọ́n ahọ́n bàtà náà yọ síta. Kò de bẹ́líìtì, ó ń fọwọ́ kan di ṣòkòtò rẹ̀ mú. Ó jókòó sórí àga tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá tí àwọn oníbàárà lọ́yà ti ń dúró, ó ń wo ilẹ̀kùn inú.

"Ẹ ti pẹ́ níbí, sà?" mo bi í.

"Mò ń dúró kí lọ́yà ka fáìlì mi ni," ó ní. Òórùn sìmẹ́ńtì tútù ń jáde lára rẹ̀.

Èmi náà ń dúró. Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi tí mo pọ̀n dàgbà, ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní àtìmọ́lé. Awakọ̀ ni. Ọjọ́ Ajé kan ni òun àti ọlọ́pàá jọ fa ọ̀rọ̀ lórí ibi tó gbé ọkọ̀ sí, ni wọ́n bá wọ́ ọ lọ. Kí n tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, ọ̀rọ̀ ti yí padà: wọ́n ní òun ló fọ́ ilé ìkẹ́rùsí ọ̀gá rẹ̀. "Láàárín oṣù náà" ni ìwé ẹ̀sùn wí. Ọjọ́ wo nínú oṣù? Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Oníbàárà mi kan ló júwe lọ́yà yìí fún mi, ó ní ògbóǹtarìgì ni.

Ògbóǹtarìgì! Nígbà tí akọ̀wé rẹ̀ ní kí n wọlé, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Kí ó sáà gbà pé òun jẹ̀bi," ó ní. "Adájọ́ á ṣàánú rẹ̀. Ọdún méjì péré."

"Ẹ ti ka fáìlì rẹ̀, sà?"

"Màdáàmù, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe irú ẹjọ́ báyìí."

Fáìlì náà wà níwájú rẹ̀, okùn pupa ni wọ́n fi dì í. Mo wo kókó okùn náà. Okùn tí wọ́n bá ti tú rí, ojú ibi tó ti ká máa ń hàn. Ti eléyìí ò hàn. Bí wọ́n ṣe dì í wá láti kóòtù ló ṣe wà. Inú bí mi. Ọdún méjì péré! Ṣé ọmọ tiẹ̀ ló máa lọ lò ó ni?

Bí mo ṣe jáde, ọkùnrin yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò mójú kúrò lára ilẹ̀kùn.

"Má jẹ́ kí àbúrò rẹ gbà. Èmi gbà. Ní kí lọ́yà ka ojú ìwé kẹsàn-án."

"Àǹtí, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?" akọ̀wé bi mí.

Mo rò pé akọ̀wé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo pòṣé, mo bá tèmi lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ wo àbúrò mi. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀, ahọ́n bàtà rẹ̀ yọ síta, ó ń fọwọ́ kan di ṣòkòtò mú.

"Okùn bàtà ẹ dà?"

"Wọ́n ti gbà á, ẹ̀gbọ́n mi, àti bẹ́líìtì. Gbogbo ẹni tó bá wọ ibí ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kó má baà fi para ẹ̀."

Ọkùnrin inú kọ̀rọ̀ yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn. Ọ́fíìsì lọ́yà ni mo gbà lọ tààrà. Mi ò dúró kí wọ́n pè mí.

"Ẹ tú u, sà," mo ní. "Lójú mi báyìí. Ojú ìwé kẹsàn-án."

Ó fẹ́ lé mi jáde, ó wo ojú mi, ó tú u. Ọ̀rọ̀ ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí ló wà níbẹ̀: ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló rí olè tó ń sá jáde, ó kọ déètì rẹ̀ síbẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun! Àná ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ti ti àbúrò mi mọ́lé. Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí, ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé, kò sí ọmọ ènìyàn kan tó kà á!

"Ta ló sọ ojú ìwé yìí fún yín?" lọ́yà béèrè.

"Ọkùnrin tó wà níta, tí bàtà rẹ̀ ò lókùn."

Ó yọjú síta. Ó ní òun ò rí ẹnì kankan. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa fáìlì kan jáde nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù. Eruku ti bò ó, okùn pupa rẹ̀ wà bẹ́ẹ̀, wọn ò tú u rí.

"Ẹjọ́ mi àkọ́kọ́," ó ní. "Mo ní kó gbà pé òun jẹ̀bi. Ọdún méjì péré ni wọ́n fún un. Kò lò ó tán tó fi kú síbẹ̀."

"Ẹ ò sì kà á títí dòní?"

"Ó ti kú. Kí ló kù tí mo fẹ́ kà?" Ó tì í padà sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni adájọ́ dá àbúrò mi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Nígbà tí mo padà lọ gba ìwé ìtúsílẹ̀ rẹ̀, ọkùnrin yẹn ṣì jókòó. Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo wọlé, mo kọjá lára lọ́yà, mo fa fáìlì yẹn jáde, mo lọ jókòó ti ọkùnrin náà. Mo tú okùn rẹ̀, mo sì ń kà á sókè.

Ojú ìwé kẹrin ni mo dé. Ẹni tó fẹ̀sùn kàn án ti kọ̀wé pé òun ti rí ohun tó sọnù, pé kí wọ́n jọ̀wọ́ fi í sílẹ̀.

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ó dìde. Ó jọ̀wọ́ ṣòkòtò rẹ̀, kò já bọ́. Bẹ́líìtì ti wà nídìí rẹ̀, okùn sì ti wà lára bàtà rẹ̀. Ó jáde sínú oòrùn.

Lọ́yà dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí kọ̀rọ̀, ó jókòó sórí àga náà. Mo wo aṣọ rẹ̀ dé ẹsẹ̀. Ó ń fọwọ́ kan di ṣòkòtò rẹ̀ mú, ahọ́n bàtà rẹ̀ sì yọ síta.

"Àǹtí," akọ̀wé pè mí, "ṣé ẹ rí ọ̀gá mi? Ìsinsìnyí ló wà níbí."