Omi Tó Ba Àjà Yàrá Abigail Jẹ́

"Ìyáálé mi, ẹ̀yin lẹ fi ẹsẹ̀ ara yín ba àjà yìí jẹ́. Ojoojúmọ́ lẹ ń gun orí páànù lọ sá òwú aláró. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́."

Òtítọ́ kẹ̀! Irú òtítọ́ wo ló wà lẹ́nu Magdalene? Kò tíì pé ọdún kan tó wọlé Olúbọ̀dé ní Kábà, ojú rẹ̀ ti wọ yàrá ńlá iwájú tí Abigail, ìyáálé rẹ̀, ń gbé. Àkọ́rọ̀ òjò ọdún 1957 ló ba àjà yàrá náà jẹ́. Páálí líle tí wọ́n fi kàn án mu omi, ó wú, ó sì já lé orí ibùsùn.

Olúbọ̀dé kò wádìí. Ohun tí ìyàwó tuntun bá ti wí, abẹ gé e. "Ẹni tó ba àjà jẹ́, kó lọ máa sùn nílé ìdáná," ló sọ fún Abigail.

"Bàbá Sarah, ẹ ṣàánú, ọmọ wa ń wúkọ́."

Olúbọ̀dé nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Abigail pọn Sarah, ọmọ oṣù méje, ó sì kó ẹní rẹ̀ jáde. Ilẹ̀ ilé ìdáná tutù, èéfín sì kún ibẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kọkàndínlógún, wọ́n sin ọmọ náà. Ẹkún tí ìyá rẹ̀ sun lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣòro fún mi láti sọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni Olúbọ̀dé tó ránṣẹ́ pe Sùlèímánì káfíńtà pé kó wá tún àjà ṣe. Magdalene ti ní òun ni yóò kó wọ yàrá náà, ọkọ sì ti gbà fún un.

"Okun o, ẹ̀yin ará ilé," ni Sùlèímánì kí wọn.

"Káfíńtà, ẹ ṣáà kan páálí tuntun," ni Magdalene wí. "Ẹ ò ní ohunkóhun í wá lókè."

"Ìyàwó, bí mi ò bá dí ibi tómi ń gbà wọlé, páálí tuntun á tún jẹrà. Ibo ni ẹnu àjà wà?"

Inú yàrá Magdalene ni ẹnu àjà wà, kò sì sí òmíràn nínú ilé. Sùlèímánì gbé àkàbà síbẹ̀, ó gòkè lọ. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, Olúbọ̀dé ló kọjú sí.

"Bàbá Sarah, ihò mẹ́ta ló wà lára páànù. Ká ní ẹsẹ̀ ló lù ú láti òde, etí ihò ìbá tẹ̀ wá sísàlẹ̀. Òkè ni gbogbo wọn tẹ̀ sí. Láti inú àjà lẹnìkan ti fi ìṣó lù ú. Ipa orúnkún onítọ̀hún wà nínú eruku, láti ẹnu àjà yìí títí dórí yàrá ìyáálé."

Olúbọ̀dé na Bíbélì sí ìyàwó kékeré. "Magdalene, búra pé kì í ṣe ìwọ."

Ọwọ́ rẹ̀ kò lè gba Bíbélì náà. "Yàrá ni mo fẹ́," ló wí, ó sì bú sẹ́kún. "Mi ò mọ̀ pé ọmọ á kú."

Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ará ilé bàbá Magdalene tí Olúbọ̀dé ránṣẹ́ pè ti wá láti Ìyàrá wá kó ẹrù rẹ̀, kò sì sí aládùúgbò kan tó sìn ín dé ojú ọ̀nà.

Nígbà tí Sùlèímánì kan páálí tuntun tán, Olúbọ̀dé dọ̀bálẹ̀ fún Abigail lójú gbogbo ènìyàn. "Ìyá Sarah, dárí jì mí. Yàrá rẹ ti gbẹ. Wọlé."

Abigail ká ẹní rẹ̀ nílé ìdáná. "Bàbá Sarah, mo gbọ́," ló wí. "Èmi àti Sarah, àwa méjì lẹ lé jáde."

Òun nìkan ló sì wọlé.