Ààrò Tí Kò Rú Èéfín

Ọ̀sán ni wọ́n gbé òkú Shagufta jáde nínú odò tí ìjọba gbẹ́ sẹ́yìn oko ìrèké. Allah Ditta, bàbá rẹ̀, ní ọmọ náà lọ pọnmi láàárọ̀ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀, pé ọ̀sán làwọn tó gbọ́. Ṣùgbọ́n Inspẹ́kítọ̀ Tufail ti rí àpá ìka lọ́rùn ọmọ náà. Ó yára fi ìborùn bò ó padà. Ojú ń tì í.

Gbogbo àdúgbò, àti Tufail pẹ̀lú, ló mọ̀ pé Shagufta kọ ọkọ tí wọ́n yàn fún un, tó sì sá lọ bá Lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí wọn.

Nínú àgbàlá wọn, Tufail béèrè pé, "Bàbá, ṣé ọmọ yín jẹun kó tó jáde láàárọ̀?"

"Ó jẹ róòtì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ. Gbígbóná ni ìyá rẹ̀ yan án." Allah Ditta rẹ́rìn-ín. "Àbí ebi ló ń pa ọ̀gá ọlọ́pàá?"

Tufail ti ọwọ́ bọ ààrò amọ̀ tó wà ní gbangba. Ẹrẹ̀ ló bá ọwọ́ rẹ̀ bọ̀. Òjò alẹ́ àná ṣì wà nínú eérú.

"Ìyá Shagufta, ta ló dáná láàárọ̀ yìí?"

"Bashiran!" ni ọkọ rẹ̀ kígbe. "Ṣọ́ ẹnu rẹ o!"

Obìnrin náà ń wo ààrò náà.

"Ilé tí òkú bá wà kì í dáná níhìn-ín," ni Tufail wí fún Allah Ditta. "O ní ọ̀sán lẹ tó gbọ́. Kí ló dé tí ìyàwó rẹ kò fi dáná láti ìdájí? Ẹ̀rù rẹ kò jẹ́ kó sunkún, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, kò lè dáná."

"Iyì ilé mi ni mo tún ṣe! Ẹ̀sìn wa..."

"Ẹ̀sìn wo?" Lèmọ́mù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ló sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Tufail yíjú sí i. "Nígbà tí ọmọ náà sá wá bá yín ńkọ́, Alùfáà?"

Lèmọ́mù wo ilẹ̀. "Mo ní... mo ní ọ̀rọ̀ ilé ni. Mo ní kó padà."

Nígbà náà ni Bashiran sọ̀rọ̀. "Ó pè mí lóru. Mo gbọ́. Bàbá rẹ̀ ló fún un lọ́rùn. Mi ò dìde."

Àwọn ọlọ́pàá ń de Allah Ditta lọ́wọ́ nígbà tí Zubaida, ará ilé kejì, gbé ìkòkò ìrẹsì wọlé fún ilé ọ̀fọ̀.

"Zubaida," ni Bashiran wí, "o rí i pé èéfín ò jáde nílé mi láàárọ̀. O ò kan ilẹ̀kùn."

"Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó gbé ìkòkò náà kalẹ̀. Kò sí ẹni tó lè gbójú sókè nínú àgbàlá náà, Tufail pàápàá kò lè gbé ojú rẹ̀.